Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀

Nírọ̀lẹ́ àná, mo rìn láti Pópó Àgùdà lọ sétí ọ̀sà ní Màrínà. Ọmọkùnrin kan jókòó sórí òkúta, ó so ègé sílípáàsì mọ́ okùn ìwọ̀ rẹ̀. Bí ègé yẹn bá ti rì báyìí, ẹja ti gbé ekòló nìyẹn. Èpìyà ló ń pa, irú èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú bíi pé ó lá tàdáwà.

Ẹja yẹn wù mí o. Akọ ló ń kó ẹyin sẹ́nu, ẹnu rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń di ọmọ, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Ẹ̀yin bàbá Èkó, ẹ gbọ́ ná!) Ẹ̀ẹ̀rùn a mú iyọ̀ òkun wọ ọ̀sà, òjò a tún fọ̀ ọ́ lọ; kò kan èpìyà.

Omi sún mọ́ ilé ju báyìí lọ kí wọ́n tó fi iyanrìn dí etí Màrínà la títì láàárín ọdún 1970 sí 1979.

Mo fẹ́ ra èpìyà mẹ́ta fún ọbẹ̀ tí a ó fi jẹ ẹ̀wà fìrẹ́jọ̀n. Mo ní, “Àbúrò, èló ni?”

Kò wojú mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹja ń gbọ́.”