Òkun Kì Í Hó Ruru Kí A Wà Á Ruru

Àwọn àgbà wa ló pa òwe yìí, ṣùgbọ́n San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwa ń gbé, ni a ti rí ìtumọ̀ rẹ̀ kedere. Etí òkun kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Ocean Beach. Ibẹ̀ ni àbúrò wa ti ń gun ìgbì lórí pátákó. Àwa kì í wọ omi ní tiwa. Orí iyanrìn ni a máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dúró de èèyàn rẹ̀ létí òkun gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òkun ń ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni òtútù. Ìwọ̀n 10 sí 15 ní ti Celsius ni omi ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Kì í ṣe ìgbà ọyẹ́ ni ó tutù jù. Láàrin oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni, nígbà tí atẹ́gùn láti ìhà àríwá bá ń ti omi òkè kúrò létí ilẹ̀, tí omi ìsàlẹ̀ tí oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá bani lára lójijì, èémí a máa já. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọ aṣọ rọ́bà tí ó nípọn. Jack O'Neill, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ aṣọ náà di mímọ̀ káàkiri, ẹ̀bá etí òkun yìí ni ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ní ọdún 1952.

Ìgbì wá ńkọ́? Ìjì tí ó ń jà lọ́nà jíjìn níhà Alaska ni ó ń rán àwọn ńláńlá wá nígbà òtútù. Nígbà tí ìgbì bá gun orí òkìtì iyanrìn abẹ́ omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ a fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ a ṣíwájú, a sì dà wó. Iyanrìn náà kì í dúró sójú kan. Ibi tí ó dára lánàá lè ti di kòtò lónìí.

Èyí tí ó ń pani jù ni omi tí ó ń padà lọ. Ó ń wá ọ̀nà láàrin òkìtì méjì, ó sì ń wọ́ ẹni tí ó bá bá níbẹ̀ lọ sí agbami. Lójú òpè, ibẹ̀ gan-an ni ó pa rọ́rọ́, nítorí ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá bọ́ sí i kò gbọdọ̀ bá a wọ̀jà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, àbúrò wa wọ aṣọ rẹ̀ tán, ó dúró lórí òkè iyanrìn, ó sì wo òkun fún bí ìdajì wákàtí. Àwọn ojúgbà rẹ̀ méjì ti wọlé. Ó padà wá, ó di pátákó rẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti òní kọ́." Àwọn méjì náà jáde ní àlàáfíà, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Lójú tiwa, ọjọ́ yẹn ni ó di ọ̀gá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti wo nǹkan pẹ́ kí wọ́n tó kó sínú rẹ̀. Òkun kò ní ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀mí ni kò láàrọ̀.