Kíkọ́ Ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára: Àǹfààní àti Àléébù Rẹ̀

Nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sọ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó ní Àkúrẹ́ kọ́ àwọn ọmọdé kan ní ìlú Oǹdó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. A kò náwó ọkọ̀, ewu ọ̀nà kò sì kàn wá. Ọmọ tí ojú máa ń tì láàárín ẹgbẹ́ lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì tún un sọ.

Àléébù rẹ̀ wà nínú ìró. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní "v" àti "z". Ìdí nìyí tí "van" fi ń di "fan" lẹ́nu ọmọ, tí "zip" sì ń di "sip". Nínú kíláàsì, ọmọ á fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, á mọ̀ pé ó ń gbọ̀n fún "z", kì í gbọ̀n fún "s". Lórí ẹ̀rọ, bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège, "f" àti "s" pàápàá a máa jọra létí. Àwòrán á dúró gbagidi, ọmọ á máa méfò.

Èdè Yorùbá ni mo fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ ètè àti eyín fún wọn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Síbẹ̀ àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ máa wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ lè gbé ohùn olùkọ́ dé Oǹdó. Kò lè gbé ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀.