Abẹ́rẹ́ Inú Kábúrétọ̀
Abẹ́rẹ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tí ó jogún Honda CG125, alùpùpù tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1976, tí epo ń kán láti páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ kábúrétọ̀ rẹ̀, má fún bóòtù ìta lásán: inú ni àrùn wà. Kí ó ti ọ̀nà epo, kí ẹ̀rọ tutù, kí iná jìnnà. Kí ó tú ago ìsàlẹ̀, kí ó mi ohun tí ń léfòó níbẹ̀ sétí. Bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu; kò lè ti abẹ́rẹ́ sókè dí ojú epo mọ́. Bí kò bá lu, kí ó wo ṣónṣó abẹ́rẹ́: bóyá ó ti jẹ, tàbí ìdọ̀tí ni ó há a. Ẹni tí ó bá fojú di í, iná lè sọ ogún àti ajogún di eérú.