Àárọ̀ Sátidé ní Bódìjà: Ẹ̀kọ Gbígbóná, Àkàrà àti Ìfúnpá Ẹ̀gbọ́n Wa

Ìlú Ìbàdàn ni mo fẹ́ mú yín dé lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ọsibítù, ibi tá a ti ń jẹ àkàrà ni.

Àwa mẹ́rin la jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà. A ti ṣàdéhùn pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láàárọ̀ Sátidé, a gbọ́dọ̀ jókòó jẹun pọ̀. Ọ̀kan nínú wa, Ẹ̀gbọ́n la máa ń pè wọ́n, torí wọ́n ti wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Èkó ni Ìyá Ìbejì ti wá. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021. Ó ní òun sùn fọnfọn títí tí wọ́n fi dé Mọ́níyà, pé láti Mọ́níyà wọ ìgboro gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Èmi ní tèmi, Chálẹ́ńjì ni mo ti wọ Micra. Awakọ̀ kó wa mẹ́ta sẹ́yìn, ó fún méjì pọ̀ síwájú, ó wá gba Mọlété àti Òkè-Àdó dé Dùgbẹ̀. Bàbá àgbà kan tó jókòó tì mí nawọ́ sí Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965. Wọ́n ní nínú kòkó táwọn rù lówó rẹ̀ ti jáde. N kò jiyàn. A gba abẹ́ bíríìjì Mọ́kọ́lá, ó di Bódìjà.

Ta ni kò mọ̀ pé àárọ̀ Sátidé, ti àkàrà ni nílẹ̀ wa? Èrò ti tò lọ́dọ̀ màmá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọ̀rẹ́ wa. Wọ́n ń po ẹ̀wà lílọ̀ náà títí tó fi fúyẹ́, wọ́n ń fi ṣíbí dá a sínú òróró. Mo kọ́kọ́ wo òróró náà. Èyí tó bá ti dúdú tó sì ń rùn, n kì í rà á níbẹ̀. Èyí mọ́. A ra àkàrà, ọ̀rẹ́ wa ti po ẹ̀kọ, ó sì ti din ẹyin.

Ẹyin yìí ló tú àṣírí. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n gbé iyọ̀ wá, wọ́n sì bù ú lé e lórí bí ẹni ń bu gaàrí. Gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà yẹ kó jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kékeré kan lọ, èyí tó wà nínú Maggi àti búrẹ́dì sì wà nínú ìṣirò náà.

"Ẹ̀gbọ́n, oògùn ìfúnpá yín ńkọ́?"

"Mò ń lò ó." Ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò.

Nígbà tá a dé ilé ìdáná, wọ́n sọ òótọ́ fún mi. Hóró kan lọ́jọ́ méjì-méjì ni wọ́n ń lò, torí owó tó ń ra ti oṣù kan tẹ́lẹ̀ kò ra ti ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Wọn ò sọ fún àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, torí òun ló ń sanwó yunifásítì àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ṣé ẹ ò ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rọ mi wà nínú báàgì. Mo dúró kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀. Ó gbé 176/102. Nígbà tí mo tún un wọ̀n, 172/100. Bẹ́ẹ̀, tó bá ti ń dé 140/90 léraléra la ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo ilé dákẹ́.

Mo bi wọ́n bóyá orí ń fọ́ wọn, àyà ń dùn wọ́n, ojú ń ṣú wọn, tàbí apá kan ara rọ. Wọ́n ní rárá. Ká ní ọ̀kan nínú ẹ̀ wà ni, ọsibítù là bá gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá fẹ́ gbé hóró méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà láti fi dí èyí tí wọ́n fò. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìfúnpá tó bá já wálẹ̀ lójijì lè gbé èèyàn ṣubú.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n má sì fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ oògùn ìfúnpá ló ní èyí tó dínwó. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló yàtọ̀, oògùn inú rẹ̀ kan náà ni, kó ṣáà ti ní nọ́ńbà NAFDAC. Kì í ṣe ohun téèyàn ń fúnra rẹ̀ gé kù.

Ìyá Ìbejì kò tiẹ̀ dúró gbọ́ tán tó fi pe àkọ́bí náà lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n bínú, wọn ò fọwọ́ kan àkàrà mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà pààrọ̀ oògùn fún wọn, ọmọ sì fi owó ránṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ti wá sí 146/90. Kò tíì tó bá a ṣe fẹ́, wọ́n ṣì ń padà lọ. Inú wọn ò tíì yọ́ sí Ìyá Ìbejì tán, àmọ́ wọ́n ti pè mí láti bi mí ọjọ́ tá a máa tún pàdé lóṣù Kejìlá. Wọ́n ní àwọn làwọn máa ra àkàrà.