Paramọ́lẹ̀ kì í lé èèyàn, àwa la máa ń lọ bá a

Ìkórè àgbàdo ti dé, ọ̀rọ̀ paramọ́lẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ti Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo lọ sóko, mo sì ti rí ejò yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ọ̀kan tó lé mi rí.

Orúkọ ẹ̀ ti sọ ìwà ẹ̀: ó máa ń pa ara mọ́lẹ̀ ni. Ejò kúkurú tó sanra ni, orí ẹ̀ fẹ̀, ara ẹ̀ sì jọ koríko gbígbẹ. Kì í wá oúnjẹ kiri. Ibi tí eku, ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá ń gbà kọjá ló máa ń lúgọ sí, ó sì lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sá fún wa bí àwọn ejò yòókù. Tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, ṣe ló máa dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà míì ó máa ń mí "ṣìì" bíi táyà tó ń jò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ rọra fẹ̀yìn rìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà Iléṣà nínú oko kòkó, oká ni tiyín. Òun náà ń sùn sáàárín ewé tó ti já, ìṣesí wọn jọra.

Àwọn kan ní ajá àwọn ló ń ṣáájú àwọn lóko. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Ajá tí wọ́n kọ́ gbóòórùn àwọn ejò tó máa ń rìn kiri, àmọ́ kò lè dá òórùn paramọ́lẹ̀ mọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ajá o.

Abo ẹ̀ kì í yé ẹyin sílẹ̀, ọmọ ló ń bí, ó lè tó 20 sí 40 lẹ́ẹ̀kan. Oró ti wà lẹ́nu wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dáyé. Torí náà, ẹ má fojú kékeré wo ọmọ ejò.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó bu ìyá kan tó ń bá wa kórè ṣán lọ́wọ́, níbi tó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì pòròpórò. Ẹnìkan ti fa okùn yọ, ẹlòmíì ń wá abẹ. Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kígbe pé, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í!" Oró paramọ́lẹ̀ máa ń pa ẹran ara. Tẹ́ ẹ bá so apá náà, tẹ́ ẹ sì gé e, ẹ tún dá kún un ni. Ọmọ náà bọ́ òrùka ọwọ́ ìyá ẹ̀, ó fi igi gbé apá náà ró kó má mì, a sì gbé e lọ. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tá a dé, oògùn ò sí. Ìgbà tá a dé ìkejì, wákàtí mẹ́ta ti lọ. Ìyá yè, a dúpẹ́, àmọ́ ìka méjì ò ká mọ́.

Oògùn tó ń ṣẹ́gun oró yìí wà. Ara ẹṣin ni wọ́n ti ń rí i. Wọ́n ń ṣe ọ̀kan tó wà fún ejò ilẹ̀ wa ní Costa Rica, EchiTAb-Plus-ICP lorúkọ ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún paramọ́lẹ̀. Àmọ́ kì í sí níbi gbogbo. Ẹ béèrè lónìí, kí ejò tó ṣe yín ní nǹkan: ilé ìwòsàn wo nítòsí oko yín ló ní in? Ẹ tọ́jú nọ́ńbà wọn sórí fóònù.

Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn. Ẹ fi igi tú òkìtì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lálẹ́. Ẹ má kó àgbàdo sílẹ̀ káàkiri, torí ibi tí eku bá wà ni ejò ń tẹ̀lé e lọ. Tó bá bu èèyàn ṣán, ẹ má lé ejò náà kiri, aláìsàn ni kẹ́ ẹ gbé.

Ẹ bá mi sọ ọ́ fáwọn lébìrà yín. Oko ò ní pa wá lẹ́kún o.