Kí Ni Bàálù Ń Gbọ́ Kí Ọta Tó Dé?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá gbọ́ "pì-pì-pì" láti yàrá mi ní agogo méjì òru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe fóònù. Bàálù ogun ni mò ń wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan sì ti rí mi.

Orúkọ géèmù náà ni DCS World. Kì í ṣe irú èyí tí a kàn ń tẹ bọ́tìnnì tí gbogbo nǹkan ń bú gbàù o. Ó lè gba èèyàn ní ọjọ́ méjì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì lásán, ìyẹn tí NẸ́PÀ bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní RWR, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa tẹ́tí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti rédà. Rédà ń ju ìgbì rédíò síta. Tí ìgbì náà bá kan irin bàálù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà wá, bí ìgbà tí èèyàn kígbe sí òkè tí òkè dá a lóhùn. Ẹ̀rọ á wo bí àlọ àti àbọ̀ ṣe pẹ́ tó, á fi mọ bí bàálù ṣe jìnnà tó. Ìgbì yìí ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní rédà wà ní Òṣogbo, tí bàálù wà lókè Iléṣà, nǹkan bíi kìlómítà 25 ni tí a bá gba ojú òfúrufú lọ tààrà. Àlọ àti àbọ̀ ìgbì náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 6,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Mọ́tò tí àwa ń wọ̀ lọ sí Iléṣà kò tíì kún ní gáréèjì nígbà yẹn!

Rédà lágbára lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń fi í wá'ni ń tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: òkùnkùn ṣú biribiri, ẹnì kan ń fi tọ́ọ̀ṣì wá yín nínú igbó. Ta ló máa kọ́kọ́ rí ẹnì kejì? Ẹ̀yin ni! Iná rẹ̀ ní láti rìn dé ọ̀dọ̀ yín kó tún padà sójú rẹ̀ kó tó rí yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní láti rìn kí ẹ̀yin tó rí i. Bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, agbára iná tó kàn yín á dín kù sí ìdá kan nínú 4, èyí tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á sì dín kù sí ìdá kan nínú 16. Ìdí nìyẹn tí RWR fi máa ń gbọ́ rédà ọ̀tá kí rédà ọ̀tá tó rí bàálù.

Bí ẹ bá wo ojú RWR nínú bàálù F-16, ẹ̀yin lẹ wà láàárín. Àmì tó bá yọ lápá ọ̀tún, ọ̀tún ni rédà náà wà. Tí ẹ bá rí 29, MiG-29 ni. Tí ẹ bá rí 6, SA-6 ni, ìyẹn mísáìlì orí ilẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe pé àmì tó sún mọ́ àárín ló sún mọ́ yín ní kìlómítà. Agbára ìgbì ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Alárìíwo tó wà lókèèrè lè dà bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo wá mọ ohùn rẹ̀ sí mẹ́ta. Tó bá dún "pì" lẹ́ẹ̀kan, tó tún dákẹ́, rédà kàn ń wò káàkiri ni. Tó bá ń dún lemọ́lemọ́, wọ́n ti lọ́ọ̀kì mọ́ yín. Tó bá wá ń sáré dún, tí iná ń ṣẹ́jú, mísáìlì ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ tètè yí ìhà sí rédà, kí ẹ má sún mọ́ ọn, kí ẹ má sì jìnnà sí i, nítorí eré tí bàálù ń sá sún mọ́ rédà tàbí jìnnà sí i ni ẹ̀rọ fi ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀. Ẹ tú chaff sílẹ̀, ìyẹn bébà onírin wẹ́wẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi da rédà Jámánì rú ní Hamburg ní oṣù keje ọdún 1943. Tí òkè bá wà nítòsí, irú àwọn tó wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ sá sẹ́yìn rẹ̀. Rédà kì í wo inú òkúta.

Ó wá ku ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ lọ sí NDA ní Kàdúná, ó fẹ́ di awakọ̀ bàálù ogun. Màmá wa, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Iléṣà, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ti Flight Lieutenant Abayomi Dairo ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2021, àwọn jàǹdùkú yìnbọn lu Alpha Jet rẹ̀ ní ààlà Zamfara àti Kàdúná. Ó já ara rẹ̀ jù síta, ó fara pa mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì rin òkùnkùn dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà wa. Olúwa ló yọ ọ́.

Nígbà tí a lọ kí wọn, àbúrò mi ní kí n bá òun ṣàlàyé RWR fún màmá, bóyá ọkàn wọn á balẹ̀. Mo ṣàlàyé, mo fi tọ́ọ̀ṣì ṣe àpèjúwe. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ní, "Bí òṣómàáló ni."

Àwa Ìjẹ̀ṣà la mọ̀ ọ́n. Òṣómàáló ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú. Tọ́jọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde àfi tó bá gbowó. Bàbá tó bí màmá wa ṣe iṣẹ́ yẹn.

"Tí bàbá mi bá ti wọ abúlé, tí wọ́n ń kí ará ilé kiri, onígbèsè ti gbọ́, á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ," màmá ní. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọn ò bá kí ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ẹni tí ò sọ̀rọ̀, ṣé ẹ̀rọ yín á gbọ́ tiẹ̀?"

Ẹnu mi wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Mísáìlì tó ń tẹ̀lé ooru ẹ́ńjìnnì kì í ju ìgbì kankan; RWR á dákẹ́ títí yóò fi dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ẹ̀rọ mìíràn sí bàálù bíi A-10C, ojú ni tirẹ̀, kì í ṣe etí: ó ń wo ìmọ́lẹ̀ iná ìdí mísáìlì. Bí iná yẹn bá sì ti jó tán, òun náà lè má rí nǹkan kan. Ìbọn tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ wọ̀n láti inú igbó ńkọ́? Kò ní rédà, kò ní ohùn.

Àbúrò mi ń wò mí pé kí n gba òun. Mo lè purọ́, màmá ò ní mọ̀. Mo ní, "Rárá, màmi. Kò ní gbọ́ ọ."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí àbúrò mi: "Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ pé ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé inú bàálù, kó máa wo ìta, kó má fò sílẹ̀ jù, kó má gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì gbà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n bi mí pé èló ni wọ́n ń ra fọ́ọ̀mù NDA.