Mo ṣe upgrade kọ̀ǹpútà mi, ìwé àjọ màmá mi bá a lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwé àjọ èèyàn 34, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí màmá mi san owó fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ní Windows àti Linux lórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ ṣì kà á, torí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa náà wà ńbẹ̀.

Alájọ ni màmá mi. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbé, ọjà Akẹ́sán ni wọ́n ti ń gba àjọ. Ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ: oníbàárà á mú iye tí agbára ẹ̀ ká, ká ní ₦500 tàbí ₦1,000, á máa dá a lójoojúmọ́. Tó bá dá a fún ọjọ́ 31, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ ẹ̀, á kó owó ọjọ́ 30 tó kù fún un. Kò sí èlé, kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí onídùúró. Káàdì kékeré kan á wà lọ́wọ́ oníbàárà tí wọ́n ń sàmì sí, ìwé ńlá kan á wà lọ́wọ́ alájọ. Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀.

Èmi ni mo ní kí wọ́n pa ìwé ńlá yẹn tì.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, LAUTECH ni mo ń lọ, Under G ni mo ń gbé. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún tuntun, mo rí ìwé yẹn, etí ẹ̀ ti gé, epo ti ta sí i. Mo ní, "Màámi, ayé ti lajú o. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé kò ní sọnù níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwé ló ń sọnù, Màámi."

Ẹ rántí ẹ̀rín yẹn. A máa padà sí i.

Láti ìgbà náà, tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á fi fóònù kékeré wọn pè mí. Wọ́n á máa dárúkọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Tó bá di ìparí oṣù, Excel á ròó pọ̀, màá ka iye tó kan oníkálukú. Inú wọn dùn. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ àwọn tó wà ní yunifásítì ló ń bá àwọn ṣèwé.

Ẹ wò ó, ilé méjì ló wà nínú laptop mi. Windows wà fún Excel àti àwọn ètò ilé-ìwé, Ubuntu wà fún kóòdù. Tí mo bá tan kọ̀ǹpútà, ohun kan tí wọ́n ń pè ní GRUB á jáde, á bi mí pé, "Ilé wo lò ń lọ?" GRUB ni aṣọ́nà. Ìwé àjọ wà ní ilé Windows.

Alẹ́ Thursday kan, iná wà, dátà alẹ́ wà, ara mi sì ń yún mi. Ubuntu 22.04 ni mo ń lò. Ẹnikẹ́ni ò lé mi, wọ́n ṣì máa tọ́jú ẹ̀ di ọdún 2027. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rẹ́ mi ti wà lórí 24.04. Mo tẹ do-release-upgrade, mo ń wo bí lẹ́tà ṣe ń sáré lọ lójú ẹ̀rọ bí ẹni tó mọ nǹkan tó ń ṣe.

Nígbà tó dé àárín, ó béèrè ìbéèrè kan. Ó ní fáìlì kan tó ń jẹ́ /etc/default/grub ti yí padà, ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò ẹ̀ ni àbí kí òun fi tèmi sílẹ̀? Oorun ń kùn mí. Mi ò kà á. Mo ní kó fi tuntun. Mo sùn.

Òwúrọ̀ Friday, mo tan án. GRUB ò jáde rárá. Tààrà ló wọ Ubuntu. Mo tún un tàn. Nǹkan kan náà. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ n wá ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wo òkè, àmì Wi-Fi ò sí. Kì í ṣe pé kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì o. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ mọ́ pé òun ní Wi-Fi lára.

Àyà mi là gàrà. Ọjọ́ kejì, Saturday, ni àwọn èèyàn 34 ń bọ̀ wá gba owó.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì wò ó tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ní, "Windows ẹ ti lọ. Màá format ẹ̀ fún ẹ, ₦8,000." Mo bi í pé fáìlì mi ńkọ́. Ó ní, "Fáìlì kẹ̀? Ìyẹn ti lọ nìyẹn." Mo gba laptop mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní pé mi ò ní ₦8,000 lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo wọ mọ́tò lọ Ọ̀yọ́ nírọ̀lẹ́. Ọ̀nà yẹn ò jìn, bíi 50 kìlómítà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dà bíi pé Sókótó là ń lọ. Mo ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù.

Màámi ń ro àmàlà nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni mí, ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ ni. Wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan wà. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn sọ omọrogùn kalẹ̀, wọ́n dákẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Káàdì wà lọ́wọ́ wọn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Àmọ́ tó bá jẹ́ káàdì tọwọ́ wọn nìkan ni mo fi sanwó, ẹni tó bá fi bírò ara ẹ̀ sàmì méjì sí i ńkọ́? Tí mo bá sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi hàn án?" Mi ò fèsì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti fi ń gba àjọ. Ẹjọ́ kan péré, ọ̀rọ̀ á ká ọjà.

Wọ́n ní, "Gbé bírò."

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ alájọ Ṣómólú, ẹni tí orí ẹ̀ pé débi pé ó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni, tó sì san án láìṣì kọ́bọ̀. A máa ń fi í dápàárá ni. Èmi rí i lójú ara mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Màámi gbé ojú sókè àjà, wọ́n bẹ̀rẹ̀: Ìyá Elélùbọ́, ọjọ́ 27, ₦500. Bàbá Oníbàtà, ọjọ́ 31, ₦1,000, kò fi ọjọ́ kan jẹ mí. Ìyá Alátà Òkè, ọjọ́ 24. Ìyá Alátà Ìsàlẹ̀, ọjọ́ 22, ara ọmọ ẹ̀ ò yá níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Èèyàn 34. Mo kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn mí.

Wọ́n wọlé lọ sùn. Èmi ò lè sùn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní dípátímẹ́ǹtì wa, aago mọ́kànlá òru ti lù. Ẹ̀gbọ́n gbé e. Wọ́n ní, "Mú ọkàn balẹ̀. Tẹ lsblk -f, ka ohun tó o rí fún mi." Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kà á. Mo rí ibi tó kọ ntfs sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Windows ẹ wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Aṣọ́nà ni kò dárúkọ ẹ̀ mọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, níbí ni kẹ́ ẹ ti mú bírò tiyín.

Èkíní, ìwé àjọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má tíì tún nǹkan kan ṣe, kí n kọ́kọ́ yọ ohun tí mo nílò. Windows kì í kú tán tẹ́ ẹ bá pa á lọ́nà tó wọ́pọ̀. Fast Startup máa ń jẹ́ kó sùn díẹ̀ ni, Linux kì í sì í fẹ́ kọ nǹkan sílé ẹni tó ń sùn. Ṣùgbọ́n ó lè kàwé níbẹ̀. Mo tẹ sudo mount -o ro, mo fi orúkọ ibi tí Windows wà àti /mnt sí i. "ro" yẹn ni pé ojú ni màá fi wò, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mo wọ inú ẹ̀. Fáìlì àjọ jókòó síbẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo dà á kọ sórí flash. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Èkejì, Wi-Fi. Dráífà Wi-Fi tèmi kò bá kernel wá. Wọ́n máa ń rán an mọ́ kernel kọ̀ọ̀kan lára ni, bí télọ̀ ṣe ń rán aṣọ. 24.04 gbé kernel 6.8 wá, aṣọ àtijọ́ ò bá a mu mọ́. Kí wọ́n tó lè rán tuntun, íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà, Wi-Fi gbọ́dọ̀ wà. Ẹ rí wàhálà? Ẹ̀gbọ́n ní, "Okùn ṣáájì ẹ dà?" Mo fi okùn so fóònù mọ́ laptop, mo tan USB tethering. Íntánẹ́ẹ̀tì wọlé wẹ́rẹ́, kò béèrè dráífà kankan. Mo ṣí Additional Drivers, ó rí ti Wi-Fi, ó gbé e wọlé, mo tún kọ̀ǹpútà tàn. Àmì Wi-Fi padà.

Ẹ̀kẹta, aṣọ́nà. Láti GRUB 2.06 ni wọ́n ti ní kó má máa wá ilé míì kiri fúnra ẹ̀ mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Fáìlì mi àtijọ́ ti sọ fún un. Tuntun tí mo gbà pẹ̀lú oorun lójú kò sọ ọ́. Mo ṣí /etc/default/grub, mo kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sí i, mo tẹ sudo update-grub. Ó kọ ọ́ síta: Found Windows Boot Manager. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń kánjú, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣí boot menu (F12 ni tàwọn kan, F9 tàbí Esc ni tàwọn míì), ẹ máa rí Windows níbẹ̀.

Aago méjì òru. Mo ṣí Excel. Mo gbé ìwé tí Màámi kà fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èèyàn 32 bára mu pátápátá. Méjì ló yàtọ̀. Excel ní Ìyá Alátà Òkè dá ọjọ́ 23, Ìyá Alátà Ìsàlẹ̀ dá ọjọ́ 23. Màámi ní 24 àti 22. Àròpọ̀ kan náà ni, ìdí nìyẹn tí Excel ò fi sọ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ rò pé àgbà ló ń gbàgbé.

Láàárọ̀, àwọn méjèèjì mú káàdì wá. 24. 22. Èmi ni mo fi owó ọjọ́ kan sí ìlà ẹlòmíì. Màámi mọ ojú àwọn méjèèjì, èmi orúkọ ni mo mọ̀.

Tí kọ̀ǹpútà mi ò bá bà jẹ́, a ò bá ti yọ owó ọjọ́ kan lọ́wọ́ obìnrin kan, ká sì fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, pẹ̀lú ìdánilójú.

Wọ́n sanwó fún gbogbo èèyàn 34 lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹni tó gbẹ̀yìn lọ, Màámi ní kí n lọ ra ìwé ńlá kan wá. Mo rà á. Ní báyìí wọ́n ń kọ ti wọn, èmi ń kọ tèmi, a sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò pa pọ̀ ní gbogbo Sunday. Fáìlì wà lórí flash, ó tún wà lórí Google Drive.

Ubuntu tí mò ń fi orúkọ ẹ̀ yangàn yìí, èdè àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni, ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2004. Ìtumọ̀ ẹ̀ ò jìnnà sí ohun tá à ń wí pé èèyàn laṣọ mi. Ẹ̀gbọ́n tó gbé fóònù láago mọ́kànlá òru, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Torí náà: ẹ dà fáìlì yín kọ síbòmíì kẹ́ ẹ tó ṣe upgrade. Ẹ má ṣe é nígbà tí iṣẹ́ ń lé yín. Ẹ pa Fast Startup. Tí BitLocker bá wà lórí Windows yín, ẹ kọ nọ́ńbà 48 yẹn síbì kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan. Tí ẹ̀rọ bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ kà á.

Ẹni tó bá ní kó format, ẹ kọ́kọ́ tẹ lsblk -f.

Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀. Tí alájọ bá wà nílé yín, ẹ bá mi kí wọn.